Corolla 2006 láti Ìbàdàn lọ sí Àbújá nínú oṣù Ọ̀pẹ: kí ni ká yẹ̀ wò, kí sì ni ká pààrọ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọlá

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa nídìí ọkọ̀. Toyota Corolla 2006 ni, ẹ́ńjìnì 1.8, gíà ọtọmátíìkì, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Inú ìgboro Ìbàdàn nìkan ló ti ń rìn. A fẹ́ gbé e lọ sí Àbújá nínú oṣù Ọ̀pẹ, àgbà mẹ́rin pẹ̀lú ẹrù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Kì í gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò sì sí iná kankan tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí ni kí mẹkáníìkì ṣe sí i, kí sì ni kó má fọwọ́ kàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye àti orúkọ nǹkan sí i, kí n mọ ohun tí mo máa rà kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ̀gá_Sípánà

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè ohun tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ èyíkéyìí tí wọ́n bá máa torí ẹ̀ tú nǹkan lára ẹ́ńjìnì, bíréèkì tàbí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó parí ní ọjọ́ mẹ́wàá, ó kéré tán, ṣáájú ìrìn-àjò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dé Ọ̀yọ́ kí ẹ sì padà, kó lè rin nǹkan bíi 100 kìlómítà lórí eré gidi. Tí ẹ bá dé, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ibi gbogbo tí wọ́n fọwọ́ kàn, ẹ sì wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan kán síbẹ̀. Họ́ọ̀sì tí wọn ò fún kìlíìpù rẹ̀ dáadáa kì í jò lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, tó tutù, tó tún gbóná, ló máa ń yọjú. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní alẹ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ ọjọ́ ìrìn-àjò, ojú ọ̀nà ló ti máa dán iṣẹ́ náà wò, ẹ̀yin lẹ sì máa wà nínú rẹ̀.

Pé kò gbóná nínú ìgboro kò tíì jẹ́ ẹ̀rí. Nínú gòsíló, iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń ṣe kéré, fáànù ló ń tù ú lára. Tó bá di eré 100 pẹ̀lú AC, èèyàn mẹ́rin àti òkè, ooru tí ẹ́ńjìnì ń tú jáde á pọ̀ ju ti ìgboro lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Rédíétọ̀ tí ìdajì rẹ̀ ti dí lè tó o lò nígboro, kó máà tó o lò lókè.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnì yín ni 1ZZ-FE. Lítà 3.7 ló ń gbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ fítà rẹ̀ pọ̀. Ẹ ra kẹ́ẹ̀gì onílítà mẹ́rin ti 5W-30, kí ẹ sì ra lítà kan sí i tí ẹ máa gbé sí búùtù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da 20W-50 sí i nítorí pé oòrùn ilẹ̀ wa mú. Ihò ọ́ìlì tó ń lọ síbi VVT-i (ẹ̀rọ tó ń yí àkókò tí fáàfù ẹ́ńjìnì ń ṣí padà) tínrín, ọ́ìlì tó ki kì í tètè débẹ̀ láàárọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń jẹ ọ́ìlì, 10W-30 ti tó.

Ẹ dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń tú fítà àtijọ́. Rọ́bà róbótó ẹnu rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì nígbà míì. Tí wọ́n bá fi fítà tuntun lé e lórí, rọ́bà di méjì, kò ní jò lórí ìdúró, àmọ́ lórí eré ó lè fọ́n gbogbo ọ́ìlì dànù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n máa fi yí fítà tuntun: tí rọ́bà rẹ̀ bá ti kan ara ẹ́ńjìnì, kí wọ́n fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yíyí kan kún un, ó parí. Wáṣà tuntun fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Gbogbo ìyẹn kò gba wákàtí kan.

Ọ́ìlì gíà wá ni ohun tí mi ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn láìnídìí. T-IV ló ń lò, pupa ni. Ẹ wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná tó sì ń ṣiṣẹ́, gíà ní P, lẹ́yìn tí ẹ ti fà á kọjá gbogbo nọ́ńbà. Tó bá pupa tí kò rùn bí ohun tó jóná, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá ti dúdú díẹ̀, kí wọ́n já a láti ìsàlẹ̀, bíi lítà mẹ́ta ló máa jáde, kí wọ́n sì dá iye kan náà padà. Ẹ má gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ gíà tí ẹ kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kẹ́yìn, nígbà tí ìrìn-àjò ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ọmọ_Ìlọrin

Gbogbo ohun tí ọ̀gá sọ dáa. Èmi ní tèmi, tó bá jẹ́ ọ̀nà Jẹ́bà sí Mọ́kuwà lẹ máa gbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì (ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná), kí wọ́n sì so fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́ kó máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré.

Ríwáyà_Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà wọ́n nímọ̀ràn yẹn. Tí tẹ́mósítáàtì kò bá sí, omi á máa yí ká kí ẹ́ńjìnì tó gbóná dé ibi tó yẹ. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé àárọ̀ kùtù ṣì ni, á máa da epo lé epo. Pílọ́ọ̀gì á dúdú, epo á máa wọ ọ́ìlì, iná "check engine" lè tàn pẹ̀lú kóòdù P0128. Ọkọ̀ tó ń gbóná nítorí rédíétọ̀ tó dí á ṣì máa gbóná bó bá dé òkè, ẹ kàn fi àmì àìsàn pamọ́ ni.

Ti fáànù náà rèé. Lórí eré tó ju 60 lọ, afẹ́fẹ́ tó ń wọ iwájú ọkọ̀ ti tó rédíétọ̀. Fáànù tó ń yí láti Ìbàdàn títí dé Àbújá ń jẹ ara rẹ̀ lásán, ibi tí ẹ ti máa nílò rẹ̀ gan-an, bíi nínú gòsíló Sùlẹ́jà, lè jẹ́ ibi tó máa kú sí. Wáyà tí wọ́n sì fà láìfi fíúsì sí i, iná ló ń pè.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ tan ẹ́ńjìnì lórí ìdúró, ẹ tan AC: fáànù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ pa AC, ẹ dúró kó gbóná: nígbà tí omi bá sún mọ́ 95°C, fáànù gbọ́dọ̀ tún yí fúnra rẹ̀, kó sì dákẹ́ tó bá ti tù ú díẹ̀. Tí ẹ bá fura sí tẹ́mósítáàtì, kí wọ́n yọ ọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná pẹ̀lú ohun ìwọ̀n ooru. Níbi 82°C ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu. Tí kò bá là, tuntun ni kí ẹ rà.

Ẹ ra síkánà kékeré oní-Bluetooth, ELM327, tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárìn, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọwọ́ gáàjì ooru Corolla kì í sọ òtítọ́ kíkún. Wọ́n ṣe é kó dúró sáàárín bí omi bá wà ní 80 tàbí ní 100. Kó tó sún sókè, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Lórí síkánà, ẹ máa rí nọ́ńbà gidi. Láti 82 sí 96 kò sí ìṣòro. Tó bá kọjá 105, ẹ wá ibi gúnlẹ̀.

Bátìrì: kó sùn mọ́jú, kí ẹ wọ̀n ọ́n, 12.6 fóltì ni ó kún. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, tí iná, fáànù inú àti AC wà ní títàn, kò yẹ kó wálẹ̀ ju 13.5 lọ. Ẹ fi omi gbígbóná fọ àwọn ẹnu rẹ̀ tí ìyẹ̀fun funfun bá ti hù síbẹ̀, kí ẹ sì so ó le.

Ọmọ_Ìlọrin

Ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ tẹ́mósítáàtì yé mi wàyí, mo gba tiyín.

Ọ̀gá_Sípánà

Kí n fi ti omi rédíétọ̀ kún un. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ lásán rìn lọ sí Àbújá. Omi lásán ń hó ní 100°C. Kúláǹtì tí wọ́n pò mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, lábẹ́ ìdérí rédíétọ̀ tó ń dá agbára dúró, kì í hó kó tó kọjá 120. Ìdí nìyẹn tí ìdérí rédíétọ̀ fi ṣe pàtàkì: tí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti gan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí iye agbára tí wọ́n kọ sí i lórí bá ti àtijọ́ mu.

Ẹ ra kúláǹtì pupa tàbí píńkì tí wọ́n ti pò tán, lítà 8. Bíi 6.5 ló máa wọlé, ìyókù á wà ní búùtù. Kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá kí wọ́n tó ṣí i. Kí wọ́n já ti àtijọ́, kí wọ́n fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́ gaara, kí wọ́n da tuntun. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnì láìdé ìdérí, kí wọ́n yí híítà inú sí gbígbóná, kí wọ́n máa fi ọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì òkè kí afẹ́fẹ́ lè jáde, títí fáànù á fi yí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, kí wọ́n bù kún un. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ́ńjìnì ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná lẹ́yìn tí wọ́n "ṣe" rédíétọ̀. Ẹ má po aláwọ̀ ewé mọ́ pupa, ó lè dì bí ògì.

Ẹ wo bẹ́líìtì iwájú ẹ́ńjìnì dáadáa. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lórí 1ZZ, òun ló ń yí ọ́tánétọ̀ (tó ń fi iná sí bátìrì), sítíárìn, AC àti pọ́ńpù omi. Tó bá já, omi ò yí mọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ́ńjìnì fi máa gbóná kọjá ààlà, ojú tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnì) á sì tẹ̀ nítorí pé alumíníọ̀mù ni. Tí inú rẹ̀ bá ti sán tàbí tó ń han láàárọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tí ti àtijọ́ bá ṣì ṣeé lò, ẹ gbé e sí búùtù, pẹ̀lú sípánà 19 tí wọ́n fi ń dẹ ohun tó ń fà á le. Ní Gate nílùú Ìbàdàn tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí ẹ ka iye ìlà inú rẹ̀ àti gígùn rẹ̀ mọ́ tuntun kí ẹ tó sanwó.

Fọkanáísà_Àgbà

Ọ̀rọ̀ táyà rèé o, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí pé ẹ́ńjìnì tó kú máa dúró síbì kan ni, táyà tó bẹ́ lórí eré ń dojú ọkọ̀ dé.

Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé lẹ́tà DOT lára táyà. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà ń gbó bó tilẹ̀ wà nílẹ̀ láìlò, eyín rẹ̀ lè ga kí inú rẹ̀ sì ti gan. Fún ọ̀nà jínjìn, èyí tó bá ti lé ọdún mẹ́fà, ẹ bọ́ ọ. Táyà tòkunbọ̀ kò yẹ ká rà fún ìrìn yìí rárá. Ẹ kò mọ̀ bóyá wọ́n ti fi rìn láìní afẹ́fẹ́ rí, ògiri inú rẹ̀ ti ya kò sì hàn lóde. Ibi tó bá wú bí eéwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, okùn inú rẹ̀ ti já nìyẹn, a kì í lẹ̀ ẹ́.

Gáàjì: ẹ ka pépà tó wà ní òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, iye ibẹ̀ lẹ máa lò. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára táyà, 44 tàbí 51, ìkángun agbára tí táyà lè gbà ni, kì í ṣe iye tí ẹ máa fọ́n. Tí wọ́n bá fọ́n 45 sí i, àárín rẹ̀ nìkan á máa kan ilẹ̀, bíréèkì á fà gùn. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ká, á máa nà, ooru á pọ̀ nínú rẹ̀ títí á fi bẹ́. Èyí tó lọ sílẹ̀ ló ń pa èèyàn jù. Àárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni ẹ wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó sì ti lé ní 4 tàbí 5, ooru ni, ẹ má tú u dànù.

Sípíyà: àwọn Corolla kan gbé táyà tínrín kékeré wá. Tó bá jẹ́ òun, 60 psi ló ń gbà, kì í ṣe 30, eré rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 80 lọ. Ọ̀pọ̀ sípíyà ló wà ní búùtù tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀.

Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n ní eré 80 sí 100, ẹ ṣe bálánsì. Bí ọkọ̀ bá ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ṣe àláímẹ́ńtì, àmọ́ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ gbé e sókè wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti táì-ródù (àwọn oríkèé àti ọ̀pá tó so táyà mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti sítíárìn), torí àláímẹ́ńtì lórí ẹsẹ̀ tó ti jẹ owó ṣòfò ni. Nọ́ọ̀tì táyà Toyota yín, sípánà 21, agbára 103 Nm, ní ìkọdọ́rọ̀ọ́gbá: ẹ fún ọ̀kan, kí ẹ fo sí èyí tó dojú kọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan gun orí sípánà. Lẹ́yìn bíi 100 kìlómítà, ẹ tún fún wọn yẹ̀ wò.

Bàbá_Sienna

Ẹ kú ìmọ̀ràn. Sienna ni tèmi, ọ̀nà kan náà. Ṣé ohun kan náà ni?

Ọ̀gá_Sípánà

Sà, ó kù díẹ̀. Ti 2004 sí 2006, ẹ́ńjìnì 3.3, bẹ́líìtì táímíìnì (èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnì) ló ní, kì í ṣe ṣéènì. 90,000 máìlì ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, bíi 144,000 kìlómítà. Ẹ rántí pé máìlì ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà, ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò ó bíi kìlómítà. Tí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú pọ́ńpù omi lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí òun náà ló ń yí pọ́ńpù yẹn.

Tó bá jẹ́ 2007 sókè, 3.5, ṣéènì ni. Ẹ̀yin wo páìpù ọ́ìlì tó ń lọ síbi VVT-i. Ti ìbẹ̀rẹ̀ ní rọ́bà láàárín, rọ́bà yẹn máa ń bẹ́, ọ́ìlì á sì tán kí awakọ̀ tó mọ̀. Toyota ti fi onírin pátápátá rọ́pò rẹ̀. Onírin ni kí ẹ rà. Lítà 6.1 ni ọ́ìlì rẹ̀.

Awakọ̀_Ọ̀nàJínjìn

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ni tèmi.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀: Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Jẹ́bà, Mọ́kuwà, Bídà, Sùlẹ́jà, tàbí Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, kí ẹ já sí Lọ́kọ́ja. Bí ọ̀nà ṣe rí ń yí padà, ẹ lọ bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kì í ṣe máàpù fóònù nìkan. Ọ̀yẹ̀ ìdájí lẹ máa gbéra, kí ẹ sì ti wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ ààbò ni, ẹ má fojú di í.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Iléṣà àti níwájú Lọ́kọ́ja, ẹ má fi bíréèkì nìkan sọ̀ ọ́. Ẹ tẹ O/D OFF (bọ́tìnnì tó ń pa gíà tó ga jù) lára gíà, tó bá dagẹ̀rẹ́ jù ẹ fà á sí 2, kí ẹ́ńjìnì fà yín sẹ́yìn. Ẹ tẹ bíréèkì ṣinṣin, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá wà lórí bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ ń jẹ́ kí omi bíréèkì hó, pẹ́dáàlì á sì wọlẹ̀ fọọ. Omi bíréèkì ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, èyí tó bá ti pé ọdún méjì ń tètè hó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n já a, kí wọ́n fi omi bíréèkì DOT 3 tuntun sí i, kí páàdì kankan má sì kéré sí 3 mílímítà.

Táńkì yín ń gba lítà 50. Ẹ má jẹ́ kó wálẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, torí epo inú táńkì ló ń tu pọ́ńpù epo lára. Ẹ má gbé epo sínú kẹ́ẹ̀gì sí búùtù, láéláé.

Ẹrù tó wúwo, ẹ gbé e sílẹ̀ búùtù, kó fara ti àga ẹ̀yìn. Ẹ má kó o lé orí jáàkì àti sípíyà: ẹ kò ní fẹ́ tú gbogbo ẹrù sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

Nínú oṣù yẹn, ọyẹ́ á ti dé, eruku á pọ̀ láti Jẹ́bà lọ. Ẹ fi fítà afẹ́fẹ́ tuntun sí i, àti èyí tó wà lẹ́yìn àpótí iwájú èrò. Wípà àti omi rẹ̀ ṣe pàtàkì torí eruku tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Bí eruku bá bo ojú ọ̀nà, iná ìsàlẹ̀ ni kí ẹ tàn, kì í ṣe ti òkè.

Ohun èlò iná pípa oníyẹ̀fun, kí ọwọ́ gáàjì rẹ̀ wà lórí àwọ̀ ewé. Onígun mẹ́ta fún ìkìlọ̀, méjì ló dáa. Ìwé ọkọ̀, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìwé adójútòfò. Nọ́ńbà FRSC (àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó) ni 122, ọ̀fẹ́ ni, kí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ mọ̀ ọ́n.

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọlá

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti wo díẹ̀ nínú wọn. DOT táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 0816. Omi rédíétọ̀ rí bíi tíì tó ti pẹ́. Pẹ̀lú gbogbo iná ní títàn, 13.1 fóltì. Sípíyà náà jẹ́ tínrín, gáàjì kà 18. Kí ni kí n kọ́kọ́ nàwó lé? Owó ò tó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Fọkanáísà_Àgbà

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2016 ni táyà yẹn. Táyà mẹ́rin ni àkọ́kọ́. Tí owó ò bá tó mẹ́rin, ẹ sún ìrìn-àjò síwájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ibi tí wọ́n ń fọ́n afẹ́fẹ́ sí pẹ̀lú, kí sípíyà sì di 60.

Ọ̀gá_Sípánà

Ìkejì ni omi rédíétọ̀. Àwọ̀ tíì yẹn, ìpẹtà ni, ẹ fọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló dà bí wàrà tó pò mọ́ kọfí, tó sì ń yọ̀, ọ́ìlì ló wọnú rẹ̀, ẹ má gbé e lọ síbì kankan, ẹ pè mí síbí.

Ríwáyà_Òṣogbo

Kí ẹ tó ra ọ́tánétọ̀, ẹ fọ ẹnu bátìrì àti ibi tí wáyà dúdú ti gbá ara bọ́dì mú, kí ẹ sì wo bẹ́líìtì bóyá ó ń yọ̀. Ẹ tún un wọ̀n. Tó bá ti dé 13.5 sókè, ẹ kò ná kọ́bọ̀. Tó bá ṣì wà ní 13.1, ẹ wọ̀n ọ́n ní ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ fúnra rẹ̀: tí ibẹ̀ bá kà 14 nígbà tí bátìrì ń kà 13.1, wáyà ló jẹ̀bi. Tí méjèèjì bá jọ wà nílẹ̀, kí wọ́n tú ọ́tánétọ̀, ó lè jẹ́ káábọ̀nù rẹ̀ nìkan ló jẹ. Ẹ kọ ohun tó kà síbí, a máa dáhùn.